Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Kàdúná Fi Gbàlejò Bàálù Àbújá

Rọ́nwéè kan ṣoṣo, ọ̀nà ọlọ́dà tí bàálù ń sáré lé láti gbéra tàbí balẹ̀, ni Àbújá ní lọ́dún 2017. Nígbà tí wọ́n tì í pa lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta láti tún un ṣe, Kàdúná ni wọ́n ní kí àwọn bàálù forí lé. Kékeré ni pápákọ̀ Kàdúná, kò sì mọ irú èrò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1982 ni wọ́n ṣe rọ́nwéè Àbújá. Ogún ọdún ni wọ́n fojú sùn fún un, ó lò ju ọgbọ̀n lọ. Bí irú rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ nìyí: ojú ọ̀dà á kọ́kọ́ sán, omi òjò á ráyè wọlé, á sì sọ yẹ̀pẹ̀ àti òkúta tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ di ẹrọ̀fọ̀. Bàálù ńlá tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 200 lọ á wá tẹ̀ ẹ́, omi á tú jáde tòun tẹrẹ̀, abẹ́ á ṣófo, ọ̀dà á jìn sínú rẹ̀. Kòtò dé. Kòtò ojú títì ń ba táyà jẹ́ lásán ni. Òkúta tó bá ṣí kúrò nínú kòtò rọ́nwéè, ẹ́ńjìnnì lè fà á mu, abẹ inú rẹ̀ á sì kán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kí wọ́n máa tún un ṣe lóru, kí bàálù máa lo ọ̀sán. Ojú nìkan ni wọ́n ń wò. Kí èèyàn gbẹ́ abẹ́ tó ti rà, kó kó òkúta tuntun sí i, kó fi katapílà tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele, kó da ọ̀dà gbígbóná lé e, kó sì dúró kó tutù: òru kan kò gbà á. Àkókò tí wọ́n mú gan-an dáa. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò sì tíì le.

Lọ́dún 1925 tí bàálù ológun Gẹ̀ẹ́sì gbéra ní Káírò tó balẹ̀ sí Kánò, pápá tó tẹ́jú ti tó. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe bàálù ìgbà yẹn. Ti ìsinsìnyí ń bèèrè ọ̀dà gígùn. Kàdúná ní bíi mítà 3,000, Àbújá ní bíi 3,600. Kàdúná tún ga jù ú lọ: ó fi bíi mítà 630 ga ju ojú òkun lọ, Àbújá fi bíi 340. Ibi gíga tí oòrùn ń mú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, bàálù á sáré pẹ́ kó tó gbéra. Tí ọ̀nà kò bá tó, ẹrù tàbí epo ni wọn yóò dín.

Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì rọ́nwéè Kàdúná: 05 àti 23. Ẹ fi òdo kan kún un, ìdojúkọ kọ́ńpáàsì nìyẹn, 50 àti 230. Ìlọrin àti Mínà náà, 05 àti 23. Ọyẹ́ ló fà á. Àríwá ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́, atẹ́gùn òjò ń gba gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, bàálù sì gbọ́dọ̀ dojú kọ atẹ́gùn kó tó balẹ̀.

Ibi tí pápákọ̀ kékeré ti ń há ni ọ̀dọ̀ panápaná. Bí bàálù bá ṣe gùn tó ni omi àti fóòmù tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, ọkọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ dé ìpẹ̀kun rọ́nwéè láàárín ìṣẹ́jú 3. Tí omi ọkọ̀ bá tán, bàálù ńlá kò gbọdọ̀ balẹ̀ títí wọ́n á fi rọ òmíràn kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ibi ìdúró, àtẹ̀gùn àti gbọ̀ngàn èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Nígbà yẹn, ará Kubwa ní Àbújá tó bá ti Èkó dé yóò tún wọ bọ́ọ̀sì, tàbí rélùwéè láti Rìgásà, ibùdó rélùwéè Kàdúná, ọ̀nà bíi kìlómítà 186, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́bàá títì. Nínú àwọn ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ òkèèrè, Ethiopian Airlines nìkan ló gbà láti máa lọ sí Kàdúná. Tiwọn náà, bàálù ńlá A350 kan, ló kọ́kọ́ tẹ rọ́nwéè tuntun ní Àbújá lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá.