Àárọ̀ ọyẹ́ létí adágún ẹ̀yìnkùlé

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo jí, ètè mi ti gbẹ, eruku ti bo ojú fèrèsé, mi ò sì rí òrùlé ilé òdìkejì títì dáadáa. Ọjọ́ tó yẹ kéèyàn tún fi aṣọ borí ni. Ṣùgbọ́n ẹja ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo wọ súwẹ́tà, mo mú tẹmọ́mítà, ó di ẹ̀yìnkùlé.

Mo ti bu omi sí garawa kan lálẹ́ àná, mo gbé e ti adágún, kí n lè mọ bí òru ṣe ṣe omi méjèèjì. Omi garawa ti wálẹ̀ dé dígírì 18. Ti adágún jẹ́ 22. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Adágún náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ tó 5, ó sì jìn tó 2 ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi lítà 2,800. Omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja ọ̀ṣọ́ níta pé kó gbẹ́ ẹ jìn, kó má fi abọ́ pẹrẹsẹ ṣe é.

Síbẹ̀, ara àwọn ẹja ò yá. Àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní guppy, tó jẹ́ pé ìró sálúbàtà mi lásán ló ń kó wọn wá sójú omi, abẹ́ ewé òṣíbàtà ni wọ́n wà, wọ́n dúró jẹ́ẹ́, ìrù wọn nìkan ló ń mì. Mi ò fún wọn lóńjẹ. Ara ẹja kì í dá ooru ṣe bíi tiwa, bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Oúnjẹ òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í tètè dà nínú wọn, èyí tí wọn ò bá sì jẹ á jẹrà sínú omi. Ó di ọ̀sán kí n tó bu nǹkan sí i.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fa omi kànga. Ẹni tó bá dàgbà nídìí kànga mọ̀ pé omi rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ ọyẹ́, torí pé otútù òru kì í dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fa omi adágún gbẹ lójoojúmọ́, ó sì yẹ kí n bù sí i. Mo gbé ajẹ̀rẹ̀ lé igi méjì tí mo fi dábùú ẹnu adágún, mo ń rọra da omi sínú rẹ̀, ó ń kán wálẹ̀ bí òjò. Omi tó wà nísàlẹ̀ kànga kì í ní atẹ́gùn tó nínú fún ẹja, bó bá ṣe ń kán báyìí ló ń gbà á. Garawa mẹ́rin ni mo dà. Mo fẹ́ràn ìró yẹn ju rédíò lọ.

Kì í ṣe ibí ni àwọn ẹja mi wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sin wọ́n nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sómi fún wọn. Lóṣù kẹrin ọdún kan, tí ooru ń mú, wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ méjì gbáko, epo jẹnẹrétọ̀ tán lóru. Nígbà tilẹ̀ fi máa mọ́, ẹja mọ́kànlá ti léfòó, ẹnu wọn là sílẹ̀. Omi tó gbóná kì í gba atẹ́gùn pọ̀ bí èyí tó tutù, àpótí náà sì kéré. Ó dùn mí wọra. Mo jókòó síwájú gíláàsì yẹn, mo bi ara mi pé: ẹja ilẹ̀ gbígbóná, lórí ilẹ̀ gbígbóná, kí ló dé tí ẹ̀mí wọn fi ní láti so mọ́ wáyà iná? Àwọn òyìnbó ń fi iná mú omi móoru fún wọn torí pé otútù ń bẹ lọ́dọ̀ tiwọn. Àwa ní oòrùn.

Mo pe bíríkìlà. Ìkánjú ló wá kó bá mi. Adágún ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi da ẹja mẹ́fà sí i, wọn ò lo ọjọ́ méjì. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń tú èròjà ẹfun jáde sínú omi, á sì mú un ta wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń pọn omi kún un tí mo sì ń dà á nù kó tó ṣeé gbé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún un.

Ìyá àgbà ilé kejì ò fara mọ́ ọn rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀fọn àdúgbò yìí ò tíì tó ọ ni?" Mo kí wọn, mo gbé àga fún wọn. Mo lọ bu omi inú táyà àlòkù tó wà lójú títì, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ máa wò ó." Mo dà á sómi. Àwọn guppy rọ́ dé, wọ́n ń ṣa á kọ̀ọ̀kan, kíákíá, bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Màmá ò tíì mí kanlẹ̀ tó fi tán. Láti ọjọ́ náà, bí tanwíjí bá ti wọ dúrọ́ọ̀mù ìfọṣọ wọn, ọmọ-ọmọ wọn á gbé abọ́ wá: "Màmá ní kí ẹ bá wọn mú ẹja méjì."

Ohun kan tí mi ò fi ṣeré ni kí guppy má bọ́ sódò. Kì í ṣe ẹja wa, ìhà Trinidad àti Venezuela ni ilé rẹ̀, ó máa ń bímọ ní bí oṣù kọ̀ọ̀kan, abo tí akọ bá sì ti gùn lẹ́ẹ̀kan lè máa bí fún oṣù mélòó kan láìrí akọ mọ́. A ti rí ohun tí ewéko àjèjì tí wọ́n ń pè ní water hyacinth ṣe fún àwọn apẹja láti ìgbà tó ti gba Àgbádárìgì wọlé lọ́dún 1984. Nínú òjò oṣù kẹfà tó kọjá, adágún kún àkúnya, mo rí ìrù pupa nínú gọ́tà. Èmi àtàwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òjò, a ń fi asẹ́ kó wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti wá ri páìpù sétí adágún, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀.

Ti kribensis yàtọ̀. Ẹja tiwa ni, odò ìhà gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, àpótí gíláàsì káàkiri ayé ló sì wà báyìí. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó fi osùn kunra. Àpáàdì ìkòkò ni mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ fún tọkọtaya tèmi, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yé sí lóṣù tó kọjá, akọ àtabo ló sì jọ ń ṣọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù ọyẹ́ fún. Láàárọ̀, mi ò rí ìkankan.

Mo padà lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ti là, tẹmọ́mítà ń ka 25. Mo jókòó jẹ́ẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù, mi ò mira. Ìyá ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu àpáàdì, ó dúró, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó gbọn lẹbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ wá tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí èéfín, wọn ò tóbi ju ìrẹsì lọ, wọ́n forí lé ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ta sómi. Bàbá wọn tẹ̀ lé wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Mo dé 31 kí wọ́n tó wọ abẹ́ ojú oró, mo sì dúró kí wọ́n tún jáde kí n lè tún un kà.