Ibi tí ìyá mi ti máa ń dá fídíò dúró

Ní 1990, nígbà tí mo wà ní pámárì fáìfù, ọkùnrin kan ń háyà kásẹ́ẹ̀tì fídíò fún èèyàn nítòsí Ẹrẹ́jà, níbí ní Iléṣà. Bàbá Onífídíò là ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó gbé kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ohun tí ẹ fi ọjà mi ṣe." Ó ti ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ. Orin ń lọ geere, àwọn oníjó ń jó, àfi bó ṣe dé ibì kan tí ìlà funfun là á já láàárín, àwòrán gbọ̀n, ohùn olórin lọ́, kó tó tún dọ́gba padà. Ó yọ ìyẹn, ó ti èkejì bọ̀ ọ́. Ìlà wà níbẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta ní tiẹ̀.

Ìyá mi kò jiyàn. Ó mọ̀ pé ibi tí ìlà wà yẹn gan-an ni òun ti dá fídíò dúró láti wo ọrùn bùbá.

Ẹni tí kò bá irú ẹ̀rọ yẹn láyé lè má mọ̀: bí o bá tẹ pọ́ọ̀sì, téèpù á dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin róbótó tó ń ka àwòrán nínú ẹ̀rọ kò ní dúró. Á máa yí ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kan náà ni á sì máa ha. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á já a sílẹ̀ kí téèpù má bàa bàjẹ́. Ìyá mi á tún tẹ̀ ẹ́. Mo rántí àwòrán tó dúró yẹn dáadáa, nítorí kì í dúró tán. Ṣe ló máa ń gbọ̀n rìrì, ìlà kan á máa lọ sókè sódò lára oníjó. Ìyá mi á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, téèpù ìwọn lọ́rùn rẹ̀, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Á ní kí ọmọ iṣẹ́ kan lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kó fi ara dí oòrùn.

Ó san owó kásẹ́ẹ̀tì kan fún Bàbá Onífídíò. Ìró àti bùbá tó rán fún ìyàwó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló fi dí ìyókù.

Ìjẹ̀ṣà ni wá, ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Bàbá tó bí ìyá mi ṣe òṣómàáló. Ó ń gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, á tà á láwìn, bó bá sì dọjọ́ owó, á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ìyá mi kò ta aṣọ, rírán ló ń rán an. Kàlẹ́ńdà ṣítáìlì ló kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo télọ̀: obìnrin bí ogún, gbogbo wọn nàró, ọwọ́ ní ìbàdí, iwájú nìkan ni wọ́n kọ sí wa. Ìyá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ wò wọ́n. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, "Kàlẹ́ńdà ń fi bí aṣọ ṣe dúró hàn mí. Ta ló ń rán aṣọ láti fi dúró? Fídíò ló ń fi bó ṣe ń jó hàn mí."

Ẹ̀yìn aṣọ ló ń wá. Bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jó, ṣé bùbá kò ní fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ? Apá tó fẹ̀ yẹn, ṣé kò ní máa dí i lọ́wọ́ bó bá fẹ́ náwó fún olórin? Ìró ńkọ́, ṣé yóò dúró títí àríyá á fi tán? Kò sí kàlẹ́ńdà tó lè dáhùn ìyẹn. Ó ní ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan tó fi ń ya ohun tó bá rí. Àwọn àwòrán inú rẹ̀ kò ní ojú, wọn kò ní ẹnu, èjìká, apá àti ìdí aṣọ nìkan ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló máa ń kọ irú nǹkan báyìí sí: "oníjó kejì, lápá òsì." Kì í kọ orúkọ olórin. Olórin ní tirẹ̀ sábà máa ń wọ agbádá, agbádá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sára páálí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń kọ́ wa níṣẹ́. Títí dòní, bí mo bá ń wo fídíò orin, ẹni kejì lápá òsì ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ bá.

Ayé Shina Peters là ń jẹ nígbà tí mò ń wí yìí. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, Ace, jáde ní 1989. Ó mú kí jùjú yára, ó ki ìlù fùjì sí i, àwọn oníròyìn sì sọ ìdààmú tó dá sílẹ̀ ní Shinamania. Mo rí i láti ibi ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ó tó dé, bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ tó bo ìdí ni àwọn oníbàárà wa ń rán fún òde. Nígbà tó dé tán, wọ́n ń wí pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ gé e sókè díẹ̀, kí ìdí lè ráàyè." Wọn ò gbọ́ ìyẹn lórí rédíò. Wọ́n rí i ni.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwòrán, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn wà tó ń wò ó bí ìyá mi ṣe ń wò ó. Ó ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Láàárín àwọn ọdún 1940, ẹ̀rọ kan wà ní àwọn ilé ọtí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí, tí á sì fi olórin hàn ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Soundies ni wọ́n ń pe àwọn fíìmù kéékèèké náà. Nílẹ̀ wa, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ẹgbẹ́ olórin Queen ní ìlú Ọba ṣe fídíò orin wọn, Bohemian Rhapsody, ní 1975. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1981, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fídíò orin látàárọ̀ dalẹ́. Ojú àwọn aláwọ̀ dúdú kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Billie Jean ti Michael Jackson, ní 1983, wà lára ohun tó fọ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Ṣùgbọ́n Thriller ni mo fẹ́ sọ. Ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 14. John Landis ló darí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Deborah Nadoolman, ló sì ṣètò aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì pupa yẹn, òun ni. Ẹ lọ wò ó dáadáa: òru ni, ilẹ̀ ṣú, àkísà eléérú ni gbogbo òkú tó ń jó wọ̀. Michael kò sanra rárá. Jákẹ́ẹ̀tì náà gbé èjìká rẹ̀ sókè, ìlà dúdú bẹ̀rẹ̀ láti èjìká méjèèjì, ó ń fún bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó sì sọ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ di aláyà gbàǹgbà. Àwọ̀ pupa ń pe ojú rẹ láàárín èrò. Bí ó ti wù kí wọ́n jó kára wọn pọ̀ tó, o kò lè sọ ọ́ nù. Ní 2011, wọ́n ta ọ̀kan nínú jákẹ́ẹ̀tì náà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù dọ́là 1.8.

Mo ka èyí fún ìyá mi. Owó yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ bi mí. Ó ní, "Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe aṣọ náà sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó ní, "Deborah káre."

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, di fíìmù. Fíìmù ni, kì í ṣe fídíò orin, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìró kúkúrú tó mọ ní orúnkún àti bùbá alápá péńpé tí wọ́n wọ̀ nínú rẹ̀ gba ìgboro kan, orúkọ fíìmù náà sì di orúkọ aṣọ. Èmi àti ìyá mi ò sùn bó ṣe yẹ fún oṣù bíi mélòó kan. Àwọn ìyá tó ti wọ irú aṣọ náà rí nígbà ọ̀dọ́ wọn tún padà wá rán an, tàwọn ti ọmọ wọn.

Lẹ́yìn náà ni VCD dé, àti àwọn fídíò fùjì àti ti orin ẹ̀mí tí gbogbo yín rántí: olórin á dúró nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, omi á máa tú sókè lẹ́yìn rẹ̀, oníjó mẹ́rin á wọ áńkárá kan náà, kámẹ́rà á wà lójú kan. Wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Èmi ò ní bá wọn ṣe é. Kámẹ́rà tó dúró lójú kan yẹn ń jẹ́ ká rí oníjó láti gèlè dé bàtà. A ń rí i tó ń bọ̀, a ń rí i tó ń yí, a ń rí i tó ń padà lọ. Odidi ẹsẹ orin kan á parí kí wọ́n tó mú wa kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù kejì 2005, MTV Base dé ilẹ̀ Áfíríkà, fídíò African Queen ti 2Face Idibia ni wọ́n sì fi ṣílé. Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti yí padà. Àwòrán wa mọ́, ó ń dán, awọ dúdú wa ń hàn bó ṣe rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé iṣẹ́ náà débi tó dé ni Clarence Peters, ọmọ Shina Peters àti òṣèré Clarion Chukwura. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó pàtẹ́wọ́. Bàbá ló mú ká gé bùbá sókè, ọmọ ló wá ń ya àwòrán rẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn mí, màá sì sọ ọ́ torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Àwòrán ti ń yára jù. Mo ka fídíò kan láìpẹ́ yìí: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n pààrọ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ojú olórin, mọ́tò, ojú olórin, ìdí oníjó, bàtà, ojú olórin. Ijó tí àwọn ọmọ yẹn fi ọ̀sẹ̀ gbáko kọ́, ègé ègé la rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò, mo bẹ̀ yín lọ́wọ́ kan ẹsẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sinmi. Ẹ jẹ́ kí oníjó yí tán.

Ó ṣeé ṣe, torí mo ti rí i. Ní oṣù kẹrin 2016, Beyoncé gbé Lemonade, àwo orin rẹ̀ tó ní fídíò, jáde. Níbi orin Hold Up, ó ṣí ilẹ̀kùn ńlá kan, omi ya jáde tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ yẹ́lò ti Roberto Cavalli, tí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀ka, tó ń dán bí idẹ. Níbòmíràn nínú iṣẹ́ kan náà, Láolú Ṣẹ́nbánjọ, ọmọ wa tó ti Ìlọrin jáde, fi ọ̀dà funfun kun ara àwọn oníjó. Mo fi hàn ìyá mi lórí fóònù. Kámẹ́rà ń tẹ̀ lé aṣọ náà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìdí rẹ̀ ń fò, omi ń ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé ni ìyá mi, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó dákẹ́ títí orin fi tán. Lẹ́yìn náà ló rọra wí lábẹ́ ètè pé, "Oore Yèyé o." Òṣogbo kò kúkú jìnnà sí wa.

Ìyá mi kì í ránṣọ mọ́, ojú rẹ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ báyìí. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó tuntun kan wá pẹ̀lú fídíò orin kan lórí fóònù rẹ̀, ó ní aṣọ tí obìnrin olórin náà wọ̀ lòun fẹ́ fún ijó alẹ́ ìgbéyàwó. Ó fi ìka kan án, àwòrán dúró. Kò gbọ̀n rárá. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí a fi rí ojú ìránṣọ níbi èjìká. Ọmọ iṣẹ́ mi ń wọ̀n ọ́n lójú, ó ní ó rọrùn.

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

A wá ẹ̀yìn. A lọ síwájú, a padà sẹ́yìn, a wo fídíò náà tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olórin kò yíjú padà rí. Ìyàwó tuntun ní kí n kàn ṣe ẹ̀yìn bó bá ṣe wù mí. Ìyá mi gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ imú, ó ní kí ọmọ náà máa fi ìka rẹ̀ fà á díẹ̀ díẹ̀. Ó pẹ́. Bó ṣe kù díẹ̀ kí orin parí, ó ní, "Dúró."

Oníjó kan ló wà níbẹ̀, oríṣi aṣọ kan náà lọ́rùn rẹ̀, ó ń yí, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí wa. Ẹni kejì, lápá òsì.

Ìyá mi na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fún òun ní pẹ́ńsù.