Ẹ dojú ráótà yín dé ná kẹ́ ẹ tó fi OpenWrt sí i

Mo ti fi OpenWrt, firmware ọ̀fẹ́ (ìyẹn sọ́fúwià tó ń darí ráótà) tó ń rọ́pò èyí tí ráótà bá wá, sórí ráótà mẹ́ta báyìí, àkọ́kọ́ ló sì fojú mi rí nǹkan. Ráótà yẹn ò bàjẹ́ o. Àwọn tó ṣe é ló pa á tì, ó ti pẹ́ tí wọn ò ti gbé firmware tuntun jáde fún un, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo wa nínú ilé ń gbà kọjá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkàn mi ò wá balẹ̀ sí i mọ́.

OpenWrt kì í ṣe nǹkan àná. Ní 2003 Linksys, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ráótà, gbé kóòdù ráótà WRT54G síta torí Linux ló wà nínú ẹ̀, GPL tó jẹ́ láìsẹ́ǹsì Linux sì ní ẹni tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ fi kóòdù ẹ̀ hàn, ibẹ̀ ni OpenWrt ti hù jáde ní 2004, ibẹ̀ náà ló ti mú "Wrt" orúkọ ẹ̀.

Àṣìṣe mi rèé. Mo wo orúkọ tí wọ́n kọ síwájú ráótà, mo rí i nínú Table of Hardware, àkójọ ráótà tí OpenWrt ní, inú mi dùn, mo dáńlóòdù. Mi ò mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo lè jẹ́ oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́rin! Abẹ́ ráótà ni wọ́n kọ oríṣi tó jẹ́ (version, v) sí, lára bébà kékeré tí serial number wà, v3 ló wà níbẹ̀, fáìlì v2 ni mo gbé fún un. Wọ́n ti pààrọ̀ chip inú ẹ̀ pátá, ike ìta nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn.

Iná iwájú ẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó kú, ó tún ń ṣẹ́jú, ó tún kú. Ọ̀nà àbáyọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ráótà tó kú. Ìyàwó mi yọjú, "Dádì, Wi-Fi ti lọ o." Mo ní wọ́n ń tún un ṣe ni. Ó ní, "Àwọn wo?"

Dátà fóònù ni mo fi kà nípa TFTP, ọ̀nà tí ráótà tó kú lè gbà gba firmware lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ráótà, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì reset mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án, á máa wá fáìlì kan lára kọ̀ǹpútà tó wà nídìí kéébù, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ kọ IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) tó fẹ́ sí kọ̀ǹpútà, orúkọ fáìlì ò sì gbọdọ̀ fi lẹ́tà kan yẹ̀. Mo gbìyànjú títí, firewall, ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà mi, ló ń dínà, ìgbà tí mo pa á ló tó wọlé.

Torí náà ẹ kó gbogbo fáìlì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, títí kan firmware àtijọ́. Fáìlì OpenWrt tí wọ́n kọ factory sí lẹ máa kọ́kọ́ lò, èyí tí wọ́n kọ sysupgrade sí wà fún ráótà tó ti ní OpenWrt tẹ́lẹ̀. Ẹ yẹ sha256 ẹ̀ wò (àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé fáìlì ò bàjẹ́ lọ́nà), kéébù ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ má fi Wi-Fi ṣe é. Tí flash ráótà yín (ibi tó ń tọ́jú firmware sí) bá jẹ́ 4MB, tí RAM jẹ́ 32MB, ẹ fi í sílẹ̀, OpenWrt 19.07 ló parí sí fún irú wọn. Èyí tí chip Wi-Fi ẹ̀ bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Broadcom, èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Tó bá ti tàn, Wi-Fi ò ní jáde, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà, ẹ̀yin lẹ máa tàn án. Ẹ lọ sí 192.168.1.1, root ni orúkọ, kò sí páswọ́ọ̀dù, ẹ fi sí i lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni SQM, package (sọ́fúwià àfikún) tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnì kan má baà gba gbogbo ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan bá ti ń gbé fídíò sókè báyìí, ìpè gbogbo wa á máa já. Mo wọn spíìdì wa, mo kọ bíi 90 nínú 100 ẹ̀ síbẹ̀, mo mú cake nínú àwọn ọ̀nà ìpín tó wà níbẹ̀, wàhálà yẹn tán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi sysupgrade gbé OpenWrt tuntun sí i, á tọ́jú sẹ́tíìnì yín o, kò ní tọ́jú package tẹ́ ẹ fi kún un, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, SQM lọ, mi ò mọ̀ àfìgbà tí ìpè tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ti kọ orúkọ àwọn package mi sí bébà báyìí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ráótà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ v3 yẹn.